Jókòó, Má Dùbúlẹ̀: Bí A Ṣe Ń Lo Open Guard Nínú Jiu-Jitsu No-Gi

Ẹni tó bá dàgbà sí àdúgbò tí wọ́n ti ń ja gídígbò mọ òfin kan kí ó tó mọ òmíràn: bí ẹ̀yìn bá ti kanlẹ̀, ìjà parí, wọ́n ti dá ọ. Ọmọ Ọ̀fà tó ń gbọ́ "ìjàkadì lorò Ọ̀fà" láti kékeré kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún un sọ fún un. Ìyẹn ló jẹ́ kó nira fún ọ̀pọ̀ nínú wa tí a bẹ̀rẹ̀ jiu-jitsu, ìjàkadì orí máàtì tó ń bá a lọ nílẹ̀, láti gbà pé ènìyàn lè fi ìdí jókòó sílẹ̀ níwájú ẹni tó dúró, kó sì jẹ́ pé ẹni tó jókòó ló ń darí ìjà. Nínú jiu-jitsu, ìdí nílẹ̀ kì í ṣe ìṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn nílẹ̀ pẹrẹsẹ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Nínú no-gi, ìyẹn jiu-jitsu tí a ń jà láìwọ gi (aṣọ ìjà tó nípọn, tó ní kọ́là), òfin àwọn bàbá wa ṣì ṣẹ́kù síbẹ̀ dáadáa, gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ló sì dúró lé e.

Ohun tó yí padà nígbà tí aṣọ gi kò sí

Gáàdì ni kí o wà nísàlẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ sì wà láàárín ìwọ àti ẹni tí ẹ jọ ń jà. Bí o bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá a ní ìbàdí, tí o so ọrùn ẹsẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, closed guard nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ kò bá so pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, open guard ni.

Nígbà tí gi bá wà lọ́rùn, o lè di kọ́là mú, o lè fi ẹsẹ̀ lọ́ apá aṣọ, o sì lè sùn sẹ́yìn kí o máa fa ẹnìkejì bí ẹni ń fa ìjánu ẹṣin. Aṣọ yẹn ló ń bá ọ ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Bọ́ gi kúrò, ó ku rash guard (ẹ̀wù tó fún mọ́ ara) àti ṣòkòtò péńpé, òfin ìdíje kò sì gbà kí o di aṣọ ẹni mú. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, pàápàá nínú ooru Èkó tí fáànù kan ṣoṣo ń fẹ́ sí ogún ènìyàn, òógùn ti bo gbogbo ara. Ọwọ́ á máa yọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń mú ẹja àrọ̀.

Ẹni tó bá gbé gáàdì inú gi rẹ̀ wá síbẹ̀ láìtún un ṣe á bá ara rẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀yìn pẹrẹsẹ, ọwọ́ òfo. Ẹni tó dúró á kàn ti ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á gba ẹgbẹ́ kejì kọjá. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, mo rò pé ọwọ́ mi ni kò lágbára tó. Ọwọ́ kọ́. Ohun mẹ́ta ló ń rọ́pò aṣọ: ẹsẹ̀ tó kọ́ bí ìwọ̀ ẹja, apá tó gbá ẹsẹ̀ tàbí apá ẹnìkejì mọ́ àyà, àti ìdí rẹ tó wọ abẹ́ ìdí rẹ̀ débi pé ìwọ lò ń ru ẹrù ara rẹ̀. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sọ́ọ̀ọ́kán kò lè ṣe èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìjókòó

Má jókòó bí ẹni tó fẹ́ jẹun lórí ẹní. Fi ìdí apá òsì jókòó. Ká ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ kọjú síta, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ ara rẹ. Gbé orúnkún ọ̀tún sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ máàtì. Tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí àyà rẹ má jìnnà sí orúnkún yẹn. Ọwọ́ òsì lè wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ bí ọ̀pá tí a fi ti ògiri. Ọwọ́ ọ̀tún wà níwájú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lẹ́bàá orúnkún. Orí sókè. Bí orí bá ti tẹ̀ sílẹ̀, ọrùn rẹ lo fi ta á lọ́rẹ.

Báyìí lo ṣe máa mọ̀ bí ìjókòó náà bá dára: ṣé o lè dìde láti ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìkọ ẹ̀yìn sí i? Fi ara lé ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, gbé ìdí kúrò nílẹ̀, fa ẹsẹ̀ òsì gba abẹ́ ara rẹ lọ sẹ́yìn, dúró. Ẹni tó bá mọ̀ pé o lè dìde nígbàkigbà kò ní fi ọkàn balẹ̀ yí ọ ká. Tí o bá wá dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ní àyà rẹ, ìjàkadì gidi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìwọ lo sì kọ́kọ́ di nǹkan mú.

Kọ́ bí a ti ń fi ìdí wọ́ pẹ̀lú, síwájú, sẹ́yìn, sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ọmọ tí kò tíì rìn. Ó máa ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gáàdì tí kò lè rìn kò yàtọ̀ sí òkúta tó wà lójú ọ̀nà: ẹsẹ̀ á kàn yà á kọjá ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibi tí ọwọ́ ń lọ

Ibi mẹ́rin péré ni ọwọ́ ti ń rí ìdúró lára ẹni tó ti là òógùn. Àkọ́kọ́ ni ọrùn ọwọ́, nítorí pé bí ọwọ́ rẹ bá yọ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó fẹ̀ ju ọrùn ọwọ́ lọ á dá ọ dúró. Èkejì ni ẹ̀yìn apá, lókè ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀; egungun ìgbọ̀nwọ́ ló ń dá ọwọ́ dúró níbẹ̀. Ìkẹta ni ẹ̀yìn ọrùn, ìkẹrin ni gìgísẹ̀. Àárín apá àti àárín itan kò wúlò, ó kàn ń jẹ agbára ni.

Nígbà tí o bá fẹ́ fa nǹkan, jẹ́ kí àtàǹpàkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìka yòókù bí ìkọ́, má fi í yí apá ká. Má sì di ohun kan ṣoṣo mú. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ó bá já ọ̀kan gbà, òmíràn ti gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kejì.

Láti inú ọwọ́ yìí ni arm drag ti ń wá, èyí tí mo rò pé ó yẹ kí ènìyàn kọ́ ṣáájú sweep èyíkéyìí (sweep ni kí o ti ìsàlẹ̀ dá ẹni tó wà lókè, kí o sì bọ́ sókè). Fi ọwọ́ òsì rẹ di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. Fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ kọjá sí ẹ̀yìn apá ọ̀tún rẹ̀ yẹn kan náà, kó sún mọ́ abíyá. Fà á kọjá níwájú àyà rẹ lọ sí ọ̀tún rẹ, kí ìwọ sì fi ìdí wọ́ lọ sí òsì, sí ìta apá rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ń fa apá, wọn kì í gbé ìdí. Apá yẹn á kàn padà síbi tó ti wá. Bí o bá gbé ìdí dáadáa, ejìká rẹ̀ ọ̀tún á wà níwájú àyà rẹ, ọwọ́ òsì rẹ á sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Kò ní mọ̀ bí o ṣe dé ẹ̀yìn òun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: wo bó ṣe jìnnà tó

Bí ó bá dúró lókèèrè, jókòó bí mo ti wí, máa wọ́ lọ bá a. Bí ó bá dúró nítòsí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà níwájú, ẹsẹ̀ yẹn ni kí o mú: shin-to-shin, lẹ́yìn náà single leg X. Bí ó bá kúnlẹ̀ tàbí tó tẹ àyà wá sọ́dọ̀ rẹ, butterfly ni. Màá ṣàlàyé wọn nísàlẹ̀. Bí ó bá ti ọ́ débi pé ẹ̀yìn rẹ fẹ́ kanlẹ̀, ìgbà ìgbèjà nìyẹn. Fi sweep sílẹ̀ ná.

De La Riva (gáàdì tí ẹsẹ̀ rẹ ti ń gba ìta kọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó dúró) àti àwọn ìbátan rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ láìsí gi. Kì í ṣe ibi tí mo máa ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ. Òun náà nílò kí o di gìgísẹ̀ mú ṣinṣin, òógùn sì ń bá ẹni du gìgísẹ̀ yẹn.

Butterfly

Tí mo bá ní kí ènìyàn mú ẹyọ kan nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni. Marcelo Garcia, ọmọ Bràsíìlì tó gba wúrà ADCC (ìdíje àgbáyé fún ìjà láìsí gi) ní ìpele kílò 77 lẹ́ẹ̀mẹrin, ní 2003, 2005, 2007 àti 2011, fi butterfly, X-guard (gáàdì tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti kọjá ara wọn bí X lábẹ́ ẹni tó dúró) àti arm drag ṣe oúnjẹ òòjọ́. Ó tún máa ń wọ ìpele tí kò ka ìwọ̀n ara sí, ó ń bá àwọn tó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ kílò jù ú lọ jà. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ: wọ́n ń ti í, ó ń wọ abẹ́ wọn.

Jókòó ní iwájú rẹ̀ nígbà tó bá kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ wọ inú itan òsì rẹ̀, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ kọ́ ọ lábẹ́ itan. Ẹsẹ̀ òsì lè kọ́ itan kejì, ó sì lè ká sílẹ̀ lórí máàtì. Mo fẹ́ràn kó ká sílẹ̀, ó yára jù. Ọwọ́ ọ̀tún gba abẹ́ abíyá òsì rẹ̀ kọjá, àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn. Ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún rẹ̀ mú lókè ìgbọ̀nwọ́, kí ó mọ́ ọ lára. Iwájú orí rẹ wà ní àyà rẹ̀ tàbí lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, nítorí ẹni tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ẹlòmíràn, tó fi ń gbé e sókè, ló ń sọ bí ẹ̀yìn ṣe máa tọ́.

Wàyí o, má tíì gbé e. Fi ìdí wọ́ wọlé títí ìdí rẹ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gìgísẹ̀ tìrẹ fúnra rẹ. Fà á síwájú kí ìwọ̀n ara rẹ̀ kúrò lórí orúnkún rẹ̀, kó wá sórí rẹ. Nígbà tó bá ti fúyẹ́ ni kí o ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ òsì, sí ibi tí apá tí o dì mú wà. Sí ẹ̀gbẹ́ ni mo wí, kì í ṣe sẹ́yìn. Ejìká òsì rẹ ni kó kan máàtì. Bí o ti ń lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún tó kọ́ ọ á gbé itan òsì rẹ̀ sókè. Apá tí ì bá fi gbá ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, nítorí náà kò sí ohun tó lè dá a dúró. Tẹ̀ lé e lọ, má tú ọwọ́ abẹ́ abíyá sílẹ̀ títí o fi wà lókè.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé ènìyàn á sùn sẹ́yìn gbalaja, á fẹ́ fi agbára itan gbé odidi ènìyàn sókè bí ẹni ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀yìn kanlẹ̀, ọwọ́ ẹnìkejì so pọ̀ nídìí ẹ̀yìn rẹ, ó ti parí. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju kílò 60 lọ ló kọ́ mi ní ìyàtọ̀ yìí. Ó dá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbé mi rárá. Mo ti ṣubú tán kí ẹsẹ̀ náà tó gbéra.

Ẹni tó gbọ́n kò ní jókòó dúró kí o dá òun. Bí ó bá fi ọwọ́ gba ilẹ̀, ọwọ́ yẹn ni kí o fi arm drag mú. Bí ó bá sá sẹ́yìn, tẹ̀ lé e, dìde pẹ̀lú ọwọ́ abẹ́ abíyá yẹn. Bí ó bá ti orí bọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ, guillotine (fífún ọrùn láti iwájú) wà níbẹ̀. Bí ó bá dìde dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé àyà rẹ nìyẹn.

Single leg X

Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló wà níwájú. Gbé ojúgun ọ̀tún rẹ ti ojúgun òsì rẹ̀, kí apá ọ̀tún rẹ gba ìta yí ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ká, kí ẹsẹ̀ náà lẹ̀ mọ́ àyà. Èyí ni shin-to-shin. Ìwọ ṣì jókòó, o ṣì lè dìde.

Láti ibẹ̀, wọ́ ìdí wọ abẹ́ rẹ̀, sùn sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, jẹ́ kí ojúgun rẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ẹsẹ̀ òsì rẹ wọ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó kọ́ ọ lẹ́yìn itan òsì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ jáde sí ìta, ó gba òde ẹsẹ̀ rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ sì tẹ ìbàdí òsì rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní abíyá ọ̀tún rẹ. Fún orúnkún méjèèjì pọ̀ mọ́ itan rẹ̀. Orúnkún tó bá ṣí sílẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tó máa gbà jáde, mi ò lè sọ ọ́ tó.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti fún, gbé ìdí sókè, kí o na ẹsẹ̀, kí o ti ìbàdí rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, tí wọ́n ń gbé èkejì, á fò kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kó tó jókòó. Bí ó bá lè dúró jù, fi ọwọ́ òsì mú gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kejì, kó má baà gbé e sẹ́yìn. Bí ó bá ti jókòó, má tú ẹsẹ̀ tó wà lábíyá sílẹ̀. Ìdìde tí a kọ́ ní ìgbésẹ̀ kìíní ni kí o lò: ọwọ́ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ìdí sókè, dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń ti ìdí wá sókè, ìwọ ti dúró tán.

Ọ̀rọ̀ nípa heel hook

Single leg X ni ilé tí heel hook, yíyí gìgísẹ̀ ẹni láti fi lọ́ orúnkún rẹ̀, ń gbé. Ẹ̀mí mi kò gbà kí n kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sínú ìtọ́sọ́nà tí ènìyàn lè kà ní yàrá rẹ̀, nítorí ìrora kì í tètè dé: orúnkún lè já kí o tó mọ̀ pé ó ń dùn ọ́. IBJJF, àjọ tó ń ṣètò ìdíje jiu-jitsu, kò gbà á rárá ní no-gi títí di 2021, àwọn àgbà tó ní bẹ́líìtì àwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú nìkan ni wọ́n sì ṣí i fún. ADCC ti gbà á ṣáájú wọn. Mo mọ̀ pé ó wu ènìyàn. Ní ADCC 2019, Lachlan Giles, ọmọ Ọsirélíà tó wà ní ìpele kílò 77, fi heel hook láti orí ìdí borí ọkùnrin ńláńlá mẹ́ta ní ìpele tí kò ka ìwọ̀n ara sí, ó sì gba bàbà. Lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́, kọ́ bí a ṣe ń jáde nínú rẹ̀ kí o tó kọ́ bí a ṣe ń fi í mú ènìyàn. Bí wọ́n bá sì ti di gìgísẹ̀ rẹ mú, gbá máàtì kíákíá láti fi hàn pé o gbà. Má dúró de ìrora, má sì yí ara láìmọ ibi tí o ń yí sí.

Nígbà tó bá ń kọjá

Ó máa kọjá lọ́jọ́ mìíràn. Ohun tó ń dá a dúró ni pé kí orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ má jìnnà síra wọn. Bí ó bá ti ẹsẹ̀ rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kọjú sí i, má kẹ̀yìn. Fi ọwọ́ kan ti ejìká rẹ̀, wọ́ ìbàdí sẹ́yìn, ká orúnkún wọlé padà, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ tún dé ìbàdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, jókòó padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí gbogbo rẹ̀, wọ́n á wá gbàgbé ìjókòó. Wọ́n á gba ara wọn là, wọ́n á sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ de ìkọjá kejì.

Body lock ni ọ̀tá butterfly: ó á so ọwọ́ pọ̀ nídìí ẹ̀yìn rẹ, á fi orí tẹ àyà rẹ, ẹsẹ̀ ìkọ́ rẹ kò ní níṣẹ́ mọ́. Oògùn rẹ̀ kò ju pé kí ọwọ́ náà má so pọ̀ rárá. Gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní kété tó bá ń bọ̀ níbàdí rẹ. Bí ó bá ti so, fi ọwọ́ méjèèjì ti iwájú orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbé ara lé ìbàdí kan, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ìdí jáde díẹ̀díẹ̀. Ó máa pẹ́.

Bí o ṣe máa kọ́ ọ

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìjà ìdánrawò rẹ láti orí ìdí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, ẹnìkan jókòó, èkejì dúró. Bí wọ́n bá kọjá tàbí tí o bá dá a, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, má wá sweep: kàn rí i pé ẹ̀yìn rẹ kò kanlẹ̀, kí o sì máa dìde. Ọ̀sẹ̀ kẹta, butterfly. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, single leg X. Ní ilé, ogún ìdìde ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti fífi ìdí wọ́ la yàrá já tó. Bẹ ẹni tó wúwo jù ọ́ lọ pé kó bá ọ ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ kìíní.

Gé èékánná ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Wẹ̀ ní kété tí ẹ bá parí, má wọ rash guard àná. Làpálàpá kò mọ bẹ́líìtì dúdú yàtọ̀ sí funfun, no-gi sì ni awọ ara ti ń kan awọ ara jù. Bí o bá rí òrùka pupa kan lára rẹ, jókòó sílé títí tí yóò fi san.

Tí o bá ń lọ sí ìdíje, ka òfin wọn kí o tó jókòó. Ní ADCC, apá àkọ́kọ́ ìjà kò ní máàkì, ṣùgbọ́n bí apá tí wọ́n ń ka máàkì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀ láti gba gáàdì pàdánù máàkì kan. Ní IBJJF, sweep jẹ́ máàkì méjì, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ dúró lókè fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí wọ́n tó kà á. Mo ti rí ẹni tó dá ènìyàn dáadáa, tó gbé ọwọ́ sókè sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ẹni ìsàlẹ̀ sì ti yí padà wá sórí orúnkún kí adájọ́ tó ka méjì. Nítorí náà, bí o bá ti dé òkè, gbá orí àti apá rẹ̀ mọ́ra, gbé ìbàdí sílẹ̀, kí o ka á nínú ara rẹ: ení, èjì, ẹ̀ta.